Àpótí Tó Wà Láàárín Èmi àti Táyé

Bí ẹ bá dé ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọba, ní Ìgbó-Ọrà, ẹ ó rí pátákó kan tí a gbé kọ́ iwájú ilé. Bí ẹ bá ti apá Èrúwà bọ̀, ohun tí ẹ ó kà lára rẹ̀ ni "Kẹ́hìndé àti Táíwò, Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà." Bí ó bá jẹ́ apá Ìdèrè ni ẹ ti ń bọ̀, ẹ ó ka "Táíwò àti Kẹ́hìndé, Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà." Pátákó kan náà ni o. Ẹni tó bá wa kọ ọ́ béèrè bóyá orí wa pé. Ìyá wa ló dá a lóhùn pé kí ó kọ ohun tí wọ́n ní kí ó kọ, kí ó sì jẹ́ kí lẹ́tà ìhín tóbi bíi ti ọ̀hún.

Èmi ni Kẹ́hìndé. Mo fẹ́ tètè sọ ọ̀rọ̀ yìí fúnra mi, torí bí mi ò bá sọ ọ́, Táyé á sọ ọ́, á sì bu iyọ̀ sí i. Táyé ló kọ́kọ́ jáde nínú ìyá wa, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí wọ́n kọ́ nílé mọ̀ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rán an pé kí ó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ó lọ, ó bú sẹ́kún, kò sì padà wá jíṣẹ́. Èmi náà ní láti fẹsẹ̀ ara mi wá wò ó. Láti ọjọ́ náà títí di òní, Táyé kò tíì jẹ́ iṣẹ́ kan tí mo rán an kó délé.

Ìyá wa kì í dá sí ọ̀rọ̀ ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ohun tí ọ̀kan bá gbà, èkejì gbọ́dọ̀ gbà á. Ó ra bàtà fún wa lọ́dún kan tí Táyé fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo rìn torí pé ó já bọ́ lórí igi káṣú, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì rà fún òun náà, torí pé méjì ni tèmi. Lọ́jọ́ tí Táyé jí ẹran nínú ìkòkò, ó nà án, ó sì pè mí, ó na èmi náà, kí ọ̀kan má baà gba ohun tí èkejì kò gbà. Ní ìlú mìíràn, wọn ì bá ti gbà mí là. Ní Ìgbó-Ọrà, ìyá ìbejì tó wà ní ilé kejì kàn na ọrùn wò wá ni, ó ní, "O ṣe é re."

Ọdún 1998 ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi àti Táyé ti lọ kọ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn. A jọ lọ ni, a jọ jókòó ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó síwájú, torí náà èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù. Ẹ má bi Táyé. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fún mi, mo fi gíláàsì bò ó, mo gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Ọjọ́ kejì ni Táyé gbé tirẹ̀ kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá wa fi okùn wọn wọ́n láti rí i pé ọ̀kan kò ga ju èkejì lọ.

A ra kọ̀ǹpútà àlòkù méjì. Ọ̀kan wà nínú yàrá mi lápá ọ̀tún pálọ̀, ọ̀kan wà nínú yàrá Táyé lápá òsì. Pírńtà la kò rí méjì rà. Ẹyọ kan ló wà, irú èyí tó máa ń han gooro, tó máa ń tẹ bébà gígùn tó ní ihò wẹ́wẹ́ létí méjèèjì. A gbé e sórí tábìlì bàbá wa olóògbé ní pálọ̀, níbi tí ìyá wa máa ń tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sí. Kí àwa méjèèjì lè máa lò ó, ẹni tó tà á fún wa fi àpótí kékeré kan kún un. Kò tóbi ju búrẹ́dì lọ. Wáyà kan ti yàrá Táyé wá sínú rẹ̀, wáyà kan ti yàrá mi wá, ẹ̀kẹta sì lọ sídìí pírńtà. Ọwọ́ kan wà níwájú àpótí náà tí a máa ń yí. Bí o bá yí i sí A, ti Táyé ni pírńtà ń gbọ́. Bí o bá yí i sí B, tèmi ni. Ẹ ó rí i pé Táyé ló gba A. Ó ní òun ló kọ́kọ́ jáde. Inú mi kò tíì yọ́ sí i lórí ìyẹn.

Ìyá wa fi òwú hun aṣọ funfun kan, ó fi bo àpótí náà nítorí eruku. Bí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ tẹ ìwé, á jáde sí pálọ̀, á ká aṣọ sókè, á yí ọwọ́ àpótí sí apá tirẹ̀, á da aṣọ bò ó, á padà sí yàrá rẹ̀, á sì tẹ̀ ẹ́. Pírńtà á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Kò sí wàhálà kankan.

Wàhálà tó wà ni pé Táyé fẹ́ lọ sí Èrúwà. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà níbẹ̀ pọ̀, wọn a máa wá ẹni tí yóò bá wọn tẹ iṣẹ́ wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àkíbù sì ti bá a rí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó sọ ọ́ fún ìyá wa, obìnrin náà kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ọmọ méjì lòun bí pọ̀, òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn nínú ilé tí ẹyọ kan wà. Táyé ní ó dáa, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí Ọ̀gá Zachariah, ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ìdèrè, gbé wá, ìwé ètò ọjọ́ ẹ̀bùn ilé-ìwé rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ ọkùnrin náà lọ́rùn, gbogbo ìwé ìdánwò ilé-ìwé rẹ̀ ni yóò máa kó wá, iṣẹ́ á sì pọ̀ tó fún ẹni méjì. Bí iṣẹ́ yẹn bá yọrí, òun ò lọ mọ́. Bí kò bá yọrí, kí ẹnikẹ́ni má dá òun dúró.

Ṣé mo fẹ́ kí ó lọ? Mi ò fẹ́ o. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì sùn nínú ilé tí mi ò ti gbọ́ ìró ìhanrun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kì í bẹ àbúrò, torí náà mo kàn sọ fún un pé Èrúwà kì í ṣe Mẹ́kà.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Zachariah gbé iṣẹ́ náà wá, ó rí àpótí lórí tábìlì, ó béèrè ohun tó ń ṣe. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ó kàn béèrè ni. Táyé fẹ́ dáhùn, mo dá a lẹ́nu dúró. Mo dìde, mo tún fìlà mi ṣe.

"Ọ̀gá, ẹ wo àpótí yìí dáadáa," mo ní. "Ọ̀nà ọ̀fun ni. Ẹni tó bá kọjú sí nìkan ló ń jẹun. Bó bá kọjú sí Táyé báyìí, bí mo bá ké títí di ọ̀la, mi ò ní rí òkèlè kan gbé mì. Mà á kàn máa wò ó ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Zachariah náà rẹ́rìn-ín. Ìyá wa, tó ń ka tẹ̀súbáà lórí ẹní rẹ̀, dá ọwọ́ dúró, ó sì tẹjú mọ́ àpótí náà. Mo rò pé ọgbọ́n mi ló yà á lẹ́nu. Inú mi dùn.

A pín iṣẹ́ náà sí méjì bí a ti máa ń pín ohun gbogbo. Táyé ń tẹ ìdajì àkọ́kọ́ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, mo ń tẹ ìdajì kejì sínú tèmi. Ọjọ́bọ̀ la parí rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an sì ni Ọ̀gá Zachariah ní òun yóò wá gbà á kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì. Lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán tán, mo jáde sí pálọ̀, mo yí ọwọ́ àpótí sí B, mo bò ó, mo padà wọlé, mo tẹ̀ ẹ́.

Pírńtà kò dún.

Kọ̀ǹpútà mi ní pírńtà kò dá òun lóhùn, ṣùgbọ́n òun ó máa pè é títí yóò fi jẹ́. Mo sọ fún un pé kó má ṣèyọnu. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo jáde.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo yẹ̀ wò ni iná. Iná ọba wà, ó sì ti wà láti àárọ̀, èyí tó bí mi nínú, torí kò sí ohun tó rọrùn láti dá lẹ́bi tó iná. Mo wo bébà, bébà pọ̀. Mo wá ṣe ohun tí olùkọ́ wa kọ́ wa n'Íbàdàn: mo pa pírńtà, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì tàn án bẹ́ẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá le, á tẹ A, B, D fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà kankan rán an. Ó han gooro, ó tẹ A, B, D dé òpin. Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ.

Mo bọ́ sórí wáyà. Mo tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fẹ́ atẹ́gùn sínú gbogbo ihò wọn, mo tún wọn kì bọ̀ ọ́, mo dè wọ́n pinpin. Ìyá wa ní, "Kẹ́hìndé, rọra o, má fọ́ ọ." Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ọpọlọ ni." Mo wọlé, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Kò sọ nǹkan mìíràn. Mo tún un pa, mo tún un tàn, bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tọ́ọ̀ṣì fún.

Ó wá ku àpótí. Mo ká aṣọ sókè, mi ò wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, mo yí i sí A, mo yí i sí B, mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì pé ó kọjú sí ọ̀dọ̀ mi, mo bò ó. Mo padà sí yàrá, mo tẹ̀ ẹ́, kò dún. Nígbà tí mo tún jáde, aṣọ funfun wà lórí àpótí gẹ́gẹ́ bí mo ti fi í sílẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ ká a sókè fún? Ṣebí èmi náà ni mo yí i? Mo dá àpótí láre. Pírńtà kò jẹ̀bi, iná kò jẹ̀bi, wáyà kò jẹ̀bi, èmi ọ̀mọ̀wé sì wá ńkọ́? Bí ẹ bá yọ gbogbo wa kúrò, ẹni kan ló kù nínú ilé.

Ẹni náà jáde láti yàrá rẹ̀ lákòókò yẹn gan-an. "Kẹ́hìndé, pírńtà ò gbọ́ tèmi," Táyé ní.

"Áà, tìrẹ náà?" mo ní, bí adájọ́ tó ti mọ irọ́ ọ̀daràn kó tó pa á.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí àpótí sọ́dọ̀ mi, mo tẹ̀ ẹ́, kò dún."

"Ìgbà tó o yí i sọ́dọ̀ rẹ, ṣé tèmi á wá dún?"

"Tìẹ náà ò dún kí n tó yí i. Jẹ́ ká yọ àpótí yìí kúrò ná. Ká so wáyà pírńtà mọ́ kọ̀ǹpútà kan tààrà, ká fi mọ ibi tó ń ṣe é."

Àbá tó dáa jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Bí mo bá gbà á, a ì bá ti parí iṣẹ́ kí wọ́n tó kí Àlásárì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu mi ni àbá náà ti jáde.

"Kọ̀ǹpútà kan wo?" mo bi í.

"Èyíkéyìí."

"Èyíkéyìí wo?"

"Ó dáa, tèmi. Òun ló súnmọ́ ẹnu ọ̀nà."

"Mo mọ̀!" mo ní. "Mo ti mọ̀! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Òní, á so mọ́ tìẹ tààrà. Lọ́la, á bá ẹ wọ mọ́tò lọ sí Èrúwà."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àgbàlagbà tó tọ̀ sára, ó wọlé padà. Báyìí la ṣe lo gbogbo ọ̀sán. Mo jáde, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, mo yí i láìwò ó, mo wọlé. Òun jáde, òun náà ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó yí i, ó wọlé. Mo wá dọ́gbọ́n, mo yọ sí ìyá wa ní jẹ́jẹ́.

"Ìyá, lẹ́yìn tí mo wọlé yìí, ṣé Táyé wá síbí?"

"Kò wá."

"Ẹlòmíràn ńkọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, ọmọ mi. Èmi nìkan ni mo wà níbí."

Mi ò bi í léèrè ohun tí òun alára ń ṣe. Ta ló ń bi ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ wa ti sọ fún wa pé bí ẹ̀rọ bá ń ṣe agídí, kí a má fi iṣẹ́ oníṣẹ́ dán an wò, kí a tẹ gbólóhùn kúkúrú kan, kí a fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yọ iṣẹ́ Ọ̀gá Zachariah kúrò nínú ohun tí kọ̀ǹpútà ń pè pírńtà sí, mo tẹ gbólóhùn tèmi. Ní àkọ́kọ́, "BISIMILAHI" ni mo tẹ̀. Nígbà tó ṣe, inú ń bí mi, mo pa èyí tí mo ti rán rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, mo tẹ òmíràn: "TAIWO LO WA NIDI ORO YII. ALAKOBA NI." Kọ̀ǹpútà wa kò mọ àmì ohùn, ṣùgbọ́n èébú kò nílò àmì. Gbogbo ìgbà tí mo bá yí àpótí tí kò bá gbọ́, mà á padà wá rán gbólóhùn náà. Ara máa ń tù mí díẹ̀. Mo mọ̀ pé kò níbi tó ń lọ.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí a tún pàdé nídìí tábìlì. Táyé ní Ọ̀gá Zachariah á dé láìpẹ́, kí ni ká sọ fún un? Ó yẹ kí n sọ pé mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, "mi ò mọ̀," a máa há mi lọ́fun. Dípò rẹ̀, mo ní, "Sọ ohun tó o ṣe sí pírńtà fún un. O ò fẹ́ kí iṣẹ́ yìí yọrí, kí o lè rí àwíjàre. Máa lọ sí Èrúwà rẹ. Ta ló dì ẹ́ mú?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo fẹ́ gbé e mì padà. Bí Táyé bá bú mi, ì bá sàn. Ó wọ yàrá rẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń tú wáyà, mo dúró bí ère, mo ń sọ nínú ara mi pé, "Lọ bẹ̀ ẹ́, lọ bẹ̀ ẹ́," ẹsẹ̀ mi kò sì gbéra. Ó fi aṣọ ìbora di kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé e jáde, àpò aṣọ rẹ̀ wà léjìká.

Ìyá wa ti dìde lórí ẹní.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ó ní, "kí lẹ tún ń jà lé lórí? Ṣebí mo ti ń bá yín dá a sáàárín láti ọ̀sán?"

"Kí lẹ ń dá sáàárín, Ìyá?" Èmi àti Táyé jọ béèrè ni, ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ká aṣọ funfun sókè. Ọwọ́ àpótí kò kọjú sí A, kò kọjú sí B. Ó nà gbọọrọ sókè láàárín méjèèjì, kò fara kan ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti ń rán láti ọ̀sán ti ń pòórá.

"Ọjọ́ tí ọ̀gá ará Ìdèrè yẹn wá," ìyá wa ní, "mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, Kẹ́hìndé. O ní ẹni tí nǹkan yìí bá kọjú sí nìkan ló ń jẹun, èkejì á kàn máa wò ni. O ń sọ ọ́, ò ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mú, Táyé wà lọ́tùn-ún, ìwọ wà lósì, mo ń gbé ẹ̀yin méjèèjì sáyà lẹ́ẹ̀kan ni. Mi ò jẹ́ kọ́kan ó mu kẹ́kejì ó máa wò rí. Wọ́n ní mo máa kú síbẹ̀, mi ò kú. Ṣé wọ́n á wá gbé àpótí wọnú ilé mi tí á máa fún ọ̀kan, tí ò ní fún ọ̀kan? Nígbà tí ọ̀kan nínú yín bá yí i sọ́dọ̀ ara rẹ̀ tó wọlé, n ó dìde, n ó dá a sáàárín, n ó bò ó, kẹ́ ẹ lè jọ jẹ."

Mo wo ìwé-ẹ̀rí mi lára ògiri. Gíláàsì rẹ̀ ń dán, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, kò sì wù mí wò. Ẹnu ara mi ni mo fi kọ́ ìyá mi bí yóò ṣe pa pírńtà lẹ́nu mọ́, nítorí kí àlejò lè rí i pé mo gbọ́n. Mo sì lé arákùnrin mi jáde lórí rẹ̀.

Táyé gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá wa.

"Ìyá, ẹ ò jẹ̀bi," ó ní. "Àmọ́ tèyí kì í ṣe ọmú. Kò lè fún ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan á jẹ, ọ̀kan á dúró díẹ̀, á wá jẹ tiẹ̀."

"Kò ní tán kó tó kan èkejì?"

"Kì í tán, Ìyá."

Ìyá wa rò ó. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ àpótí náà. "Ta ni kó wá kọ́kọ́ jẹ?"

Gbogbo ọjọ́ ayé wa, kò sí ẹni tó bi wá ní ìbéèrè yẹn tó sì dúró gbọ́ èsì. Mo la ẹnu láti sọ pé kó jẹ́ Táyé. Tọkàntọkàn ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ó yá jù mí lọ, bó ṣe yá jù mí lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí wa.

"Ẹ yí i sí ti Kẹ́hìndé," ó ní. "Òun ni ẹ̀gbọ́n."

Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí a ti dáyé, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń gbádùn rẹ̀ lọ́wọ́ ni mo rántí ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi tó ti ń pe pírńtà láti ọ̀sán.

"Ìyá, ẹ dúró ná!" mo kígbe.

Ó ti yí i. Pírńtà han gooro. Orí rẹ̀ ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀, bébà ń yọ. "BISIMILAHI" ló kọ́kọ́ jáde, mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni "TAIWO LO WA NIDI ORO YII. ALAKOBA NI." Ojú ewé mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà. Òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà. Iye ìgbà tí inú ti bí mi ni bébà náà gùn tó, ó ń ká jọ sílẹ̀ bí aṣọ ìró, ìyá wa sì ń pàtẹ́wọ́ pé nǹkan ti ń jẹun.

Táyé tẹ̀ síwájú, ó fa bébà náà ya, ó kà á. Mo ń wo ilẹ̀. Mo ń wá ibi tí yóò là kí n wọlé.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ìyá wa béèrè. Ó lè ka Kùránì, ṣùgbọ́n kò mọ ABD.

Táyé kò wò mí. "Wọ́n ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá,'" ó ní.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni. Ó ń kí yín léraléra."

Ìyá wa fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kẹ́hìndé tèmi," ó ní. Mi ò lè gbé orí sókè. "Ó ku ti Táyé. Táyé, lọ gbé tìẹ padà, kí òun náà jẹ."

"Ìyá, tèmi ò pọn dandan," Táyé ní kíákíá. Ó yá jù. "Kò sí nǹkan gidi níbẹ̀."

"Ohun tí ọ̀kan gbà ni èkejì á gbà," ìyá wa ní. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Táyé gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sí yàrá bí ẹni tó gbé ẹrù iyọ̀ nínú òjò. A gbọ́ nígbà tó so wáyà, nígbà tó tàn án. Ìyá wa yí ọwọ́ àpótí sí A. Pírńtà han gooro, èmi ni mo sì wà nídìí rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ ni èyí: "KEHINDE TI GBERAGA JU. MO N LO SI ERUWA." Ojú ewé kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Tirẹ̀ náà gùn. Ìbínú rẹ̀ kò fi ìwọ̀n ìka kan kéré sí tèmi.

Táyé dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọ tó jí ẹran.

"Tòun ńkọ́?" ìyá wa bi mí. "Kí ni tòun sọ?"

Èmi tí mi ò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta rí láìtún fìlà ṣe, mi ò tiẹ̀ rántí fìlà. Mo wo Táyé. Mo wo ìyá wa. "Wọ́n ní, 'Ẹ̀mí yín á gùn, Ìyá,'" mo ní.

"Àmín," ó ní. "Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ń sọ, ẹ wá ń jà."

Kò mọ bí òótọ́ rẹ̀ ti pọ̀ tó. Èmi àti Táyé wo ara wa, ẹ̀rín sì fẹ́ pa wá, a kò gbọdọ̀ rín in.

Ó wá ní kí a fún òun ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí a lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, sábẹ́ ìwé-ẹ̀rí wa, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i. Ẹ̀rín náà gbẹ. Táyé ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní yíǹkì rẹ̀ kò dúdú tó, kí ìyá wa jẹ́ ká tẹ èyí tó dáa. A sáré wọ yàrá wa. Mo tẹ ohun tí Táyé ti fi sí mi lẹ́nu, "E KU ISE, IYA." Ó tẹ ohun tí mo fi sí i lẹ́nu. Ìyá wa ló yí àpótí, ẹ̀ẹ̀kan sí ìhín, ẹ̀ẹ̀kan sí ọ̀hún, ó sì sọ fún wa pé láti òní lọ, òun nìkan ni yóò máa yí i, kí ẹni tó bá fẹ́ jẹun ké sí òun láti yàrá rẹ̀. A lẹ bébà méjèèjì mọ́ ògiri. Ó fi okùn wọn wọ́n. Èyí tí wọ́n tẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo kó o lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì dáná sí i.

Nígbà tí Ọ̀gá Zachariah dé, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ti jáde láti ọ̀dọ̀ Táyé, ìdajì tèmi ń jáde lọ́wọ́. Ó jókòó dè é. Ojú olùkọ́ kì í rí ìwé kó má kà á. Ó gbé ojú sókè sí ògiri, ó tún jígí ojú rẹ̀ ṣe, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè ketekete bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Èmi di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Táyé di ẹ̀gbẹ́ kejì mú.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá," Ọ̀gá Zachariah kà. "Ẹ̀mí yín á gùn, Ìyá."

Ìyá wa mi orí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àpótí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ mi kà á fún mi," ó ní.

Táyé wọ yàrá rẹ̀ lọ tú àpò aṣọ rẹ̀.